Nígbà Tí Ìsánlú Ń Retí Ọmọ Rẹ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìsánlú, ọmọ ìlú tó bá lọ sókè òkun, ìlú ló rán an níṣẹ́. Gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tó lọ kọ́, wọ́n mọ iye ọdún tí yóò gbà, wọ́n sì ń bá ìyá rẹ̀ kà á. Bí ìyá náà bá pàtẹ lọ́jà, àwọn tó wá rajà kì í tíì nájà tí wọ́n á fi bi í pé, "Ó ku mélòó?" Kò sẹ́ni tí yóò bi wọ́n pé kí ló ku mélòó.

Lẹ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ sánmà yẹn, èyí tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ náà ni àpòòwé ara rẹ̀, ni mo fi kọ́kọ́ mọ òkè òkun. Wọ́n á fi abẹ rọra la etí rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà ya, nítorí ẹni tó kọ ọ́ kò jẹ́ kí àyè kankan ṣòfò. Ó ti kọ ọ́ gba ẹ̀gbẹ́, ó tún kọ ọ́ yí etí ìwé po. Àwa ọmọ ilé ìwé ni wọ́n ń pè wá kà á. Ìdajì rẹ̀, kíkí ni. Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà. Ẹ bá mi kí àwọn ará Ìtẹ̀dó. Ẹ bá mi kí ìyàwó tuntun tí n kò tíì rí. Ẹni tí a bá ti dárúkọ rẹ̀ á fi ìkíni wa dáhùn sókè, "Òkun o!", ẹni tí a kò bá sì dárúkọ, ojú rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí a bá kà á tán, wọ́n á ní ká tún un kà láti òkè. Ibi tí gbogbo etí ń dúró dè ni ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tó ti kọ ọ́ pé ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, pé bí Ọlọ́run bá fẹ́, ọdún tó ń bọ̀ yóò bá òun nílé.

Wọ́n sì máa ń bọ̀ lóòótọ́. Wọ́n á mú ẹni náà lọ kí Agbana, ọba wa, wọ́n á mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ dúpẹ́, bàbá rẹ̀ á pa ẹran. N kò gbà pé àwọn ènìyàn ìgbà náà fẹ́ràn ìlú ju àwọn ọmọ òde òní lọ. Ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá bá ló wà nílẹ̀. Ní 1980, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ẹni tó bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tó sì jókòó síbẹ̀, òun ló ní àlàyé í ṣe fún ẹbí. Iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n ní iléèṣẹ́ ìjọba ní Ìlọrin, nítorí abẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara ni àwa ará ilẹ̀ Òkun, tí Ìsánlú wà nínú rẹ̀, wà títí di oṣù kẹjọ 1991 tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀. Ó ń dúró dè wọ́n ní Yunifásítì Ìlọrin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ó ń dúró dè wọ́n ní Kàdúná àti Èkó. Ẹni tó bá dé lọ́sẹ̀ yìí lè máa gbowó oṣù kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí.

Ìgbà náà ní wàhálà tirẹ̀, n kò ní í fi bò. Odò la ti ń pọnmi, iná ìjọba kò sì kan ọ̀pọ̀ ilé. Ní 1978 tí ìjọba gbé owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti 50 kọ́bọ̀ lójúmọ́ sí náírà 1.50, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú sí títì káàkiri orílẹ̀-èdè, ìbọn sì ba àwọn kan nínú wọn. Ìbínú wà nígbà náà, ó tilẹ̀ gbóná ju ti ìsinsìnyí lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bínú gbà pé bí àwọn bá pariwo tó, ẹni kan yóò gbọ́. Ìgbàgbọ́ yẹn ni n kò rí mọ́ lójú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́.

Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ wa gan-an ni àwọn ẹlòmíràn ń wá. Ní 1908, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Tommy Titcombe gbéra ní Kánádà, ó wá tẹ̀dó sí Ẹ̀gbẹ̀, ní ilẹ̀ Yàgbà kan náà tí Ìsánlú wà, láti wàásù. Ọ̀pọ̀ ọmọ Òkun ló kàwé ní Titcombe College tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1951. Nígbà tó yá, àwọn tísà ará Gánà kún ilé ìwé girama wa, wọ́n ń kọ́ni ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Wọ́n rẹ́ǹtì yàrá láàárín wa, wọ́n gbọ́ èdè wa, wọ́n ń jẹ iyán. Àwa ọmọdé rò pé ìlú wa ló wù wọ́n. A kò mọ̀ pé ìyà ìlú wọn ni wọ́n ń sá fún, pé owó wọn ti di yẹpẹrẹ, pé wọ́n fi ìyá tó ń ka ọdún sílẹ̀ sí Kùmásí àti Cape Coast. Ní oṣù kìn-ín-ní 1983, ìjọba Ààrẹ Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé àṣẹ máa lọ. Báàgì onílà tí wọ́n kó ẹrù sí ni a ń pè ní Ghana Must Go títí dòní. Báàgì yẹn kan náà ni mo ń rí báyìí ní ìdí mọ́tò, tí àwọn ọmọ wa ń kó aṣọ sí nígbà tí wọ́n bá ń lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ará Gánà lọ ni Andrew, ẹni inú ìpolówó kan, dé orí tẹlifíṣọ̀n. Ìjọba Buhari àti Idiagbon ló gbé e jáde nígbà tí wọ́n gbé ogun ti ìwà àìlétò, Enebeli Elebuwa sì ni òṣèré tó ṣe Andrew. Ọ̀gbẹ́ni náà gbé báàgì rẹ̀, ó ní òun ń lọ, nítorí kò sọ́nà, kò síná, kò sómi. Ìjọba ń bẹ̀ ẹ́ kó dúró. A máa ń fara wé ohùn rẹ̀ ní ilé ìwé, a ó sì bú sẹ́rìn-ín, torí ta ni yóò torí iná fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀? Ní oṣù kẹsàn-án 1986, ìjọba Babangida tú náírà sílẹ̀ sọ́jà, kí ọdún náà tó parí, dọ́là kan ti ju náírà mẹ́ta lọ. Ìgbà náà ni ohùn àwọn lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. "Ọdún tó ń bọ̀" di "nígbà tí nǹkan bá rọgbọ." Àwọn ìyá ìlú ṣì ń kà, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń kà kò lópin mọ́.

Àwọn babańlá wa náà sá rí o. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Tápà láti Bídá kó ilẹ̀ Òkun lẹ́rú fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ará Yàgbà sì fi pẹ̀tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gun orí òkè àpáta lọ. Lẹ́yìn tí ọmọ ogun Royal Niger Company ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Bídá ní 1897 ni wọ́n rọra ń sọ̀ kalẹ̀. Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ yìí bí mo bá ń wo àwọn òkè tó yí wa ká. Láti orí àpáta, ènìyàn lè rí oko rẹ̀. Ó lè rí i bí igbó ṣe ń kún un, kó sì mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí ọjọ́ bá pé. Láti Toronto, kí lèèyàn ń rí?

Ẹni tí mo mọ̀ tó dáhùn ìbéèrè yẹn ju gbogbo wa lọ ni Pius Adésanmí. Ọmọ Ìsánlú ni, 1972 ni wọ́n bí i. Ó kẹ́kọ̀ọ́ èdè Faransé ní Ìlọrin, ó sì gba ipò kìn-ín-ní jáde ní 1992. Ó lọ sí Ìbàdàn fún oyè kejì, ó kọjá sí Yunifásítì British Columbia ní Kánádà, ó di ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 2002. Ó kọ́ni ní Penn State ní Amẹ́ríkà, ó padà sí Kánádà, sí Yunifásítì Carleton ní Ottawa, ibẹ̀ ló sì ti di olùdarí ibùdó ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ Áfíríkà. Ìwé rẹ̀, You're Not a Country, Africa, gba ẹ̀bùn Penguin fún àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà ní 2010. Ẹ rò ó wò: ọ̀rúndún kan lẹ́yìn tí Titcombe ti Kánádà wá kọ́ àwọn Yàgbà, ọmọ Yàgbà wà ní olú ìlú Kánádà, ó ń kọ́ wọn.

Kò sẹ́ni tó mọ àbùkù Nàìjíríà tó o. Bó ṣe ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ló ń na àwọn alágbára ìlú lọ́rọ̀, ó tún ń na àwa tí a ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Bí orílẹ̀-èdè kan bá lè sú ènìyàn, ó yẹ kí èyí ti sú u. Síbẹ̀ Ìsánlú kì í pẹ́ yọ jáde nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn tí kò mọ ibi tí Kogi wà mọ orúkọ ìlú wa nítorí rẹ̀. Ó lọ kọ́ni ní Yunifásítì Gánà ní Legon, ìyẹn sì dùn mọ́ mi nínú, èmi tí ará Gánà kọ́ ní ìṣirò. Ó ń wá sílé. Ní oṣù keje 2018, jàǹbá mọ́tò ṣe é lójú ọ̀nà Nàìjíríà yìí, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀mí lọ sí i. Bó ti wù kí wọ́n máa yin ìpadàwálé tó, èmi kò lè gbàgbé pé ọ̀nà ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ní ọjọ́ Àìkú, 10 oṣù kẹta 2019, ó wọ ọkọ̀ òfuurufú Ethiopian Airlines láti Addis Ababa lọ sí Nairobi, fún ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà. Ọkọ̀ náà já lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ènìyàn 157 ló wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó yè. Ọmọ ọdún 47 ni.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn kan ń fi í ṣe àpẹẹrẹ pé ènìyàn lè lọ kó má sì lọ tán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ mìíràn wà tó ń dùn mí ju ìyẹn lọ: irú orí bẹ́ẹ̀, tí Ìsánlú bí, ìgbà ọlidé nìkan ni Ìsánlú ń rí i lò. Bàbá kan tó dé láti Lọ́ńdọ̀nù nígbà èwe mi wá di ọ̀gá nílé ìwé wa. Ó jókòó sí iwájú wa lójoojúmọ́, a ń wo bó ṣe ń ṣí ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe rí nísinsìnyí. Nígbà kan, bọ́ọ̀sì alẹ́ ni à ń wọ̀ ní Èkó. A ó sùn lọ, a ó jí ní Ọ̀mù-Àrán, ìdájí ni ẹsẹ̀ wa yóò tẹ ilé. Ta ni yóò dán an wò lónìí? Ní 4 oṣù kẹfà 2020, àwọn adigunjalè ya wọ Ìsánlú lọ́sàn-án gangan, wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n pa ọ̀gá ọlọ́pàá ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fọ́ báǹkì. Ní oṣù kọkànlá 2025, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Eruku, lójú ọ̀nà wa sí Ìlọrin, bí ìsìn ti ń lọ lọ́wọ́, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n kó àwọn olùjọsìn wọ igbó kí wọ́n tó gba òmìnira lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀rọ tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ń gbé ìsìn sórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ wa ní Kánádà rí ìyá àgbà tó ń sá sábẹ́ àga, wọ́n rí i lórí fóònù, kí àwa tó gbọ́ nílé. Lẹ́tà máa ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́nà kó tó débí. Èyí kò lo ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpè ń wọlé léraléra, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ: "Ẹ jáde kúrò níbẹ̀."

Ọmọ àbúrò mi kan wà tó jẹ́ tísà. Èmi ni mo dúró ní ipò bàbá fún un láti ìgbà tí àbúrò mi ti kú. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin ló lọ kọ́ ní yunifásítì, ọdún mẹ́fà ló lò níbẹ̀: ìyanṣẹ́lódì 2020 gba oṣù mẹ́sàn-án lọ́wọ́ rẹ̀, ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ. N kò bá àwọn olùkọ́ tó yanṣẹ́ lódì náà jà, mo mọ ohun tí wọ́n ń gbà lóṣù. Ọmọ yìí sìnlú tán, ó rí iṣẹ́ nílé ìwé aládàáni kan, owó oṣù rẹ̀ kò sì tó ra àpò ìrẹsì kan. Ní báyìí, ilé ìwé kan ní Kánádà ti gbà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, wọ́n pàṣẹ pé ẹni tó bá fẹ́ lọ kàwé níbẹ̀ ní òun nìkan gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní 20,635 dọ́là Kánádà tí òun yóò fi gbọ́ bùkátà, yàtọ̀ sí owó ilé ìwé àti owó ọkọ̀. Wọ́n sì tún ti fi kún un lẹ́yìn ìyẹn. Owó náà ju ogún mílíọ̀nù náírà lọ. Kí ìjọba tó tún tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, nǹkan bí náírà 460 ni dọ́là Amẹ́ríkà kan. Ní 2024, ó kọjá 1,500. Bí ọmọ náà ti ń kó owó jọ, bẹ́ẹ̀ ni owó náà ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ fi oko kajú sílẹ̀ ní ọ̀nà Makutu, ilẹ̀ kan sì wà lẹ́bàá títì tí bàbá náà ti fi búlọ́ọ̀kù gbé ìpìlẹ̀ lé kó tó kú. Ó fẹ́ ta méjèèjì. Ìbátan ìyá rẹ̀ ní Àbújá yóò fi èyí tó kù kún un. Ó wá sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ó kúnlẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó sì gbé ìwé ilẹ̀ sórí tábìlì.

Mo ní, "Ta oko. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ti ẹ̀bá títì yẹn wà. Ibẹ̀ lo máa kọ́lé sí tí o bá dé."

Ó wojú mi. "Bàbá, ta ló sọ fún yín pé mo máa dé?"

N kò dáhùn. Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Oko yẹn gan-an, ìgbà wo lẹ dé ibẹ̀ kẹ́yìn?"

Ó mọ̀ pé n kò dé ibẹ̀ mọ́. Nígbà ìkórè kajú tó kọjá, àwọn tí mo háyà dé etí odò, wọ́n ní àwọn kò kọjá níbẹ̀, àwọn rí ipasẹ̀ tí kò yé àwọn. Èso náà jábọ́, ó jẹrà síbẹ̀.

Ó ní, "Ilẹ̀ tí a kò lè tẹ̀ mọ́, Bàbá, ṣé tiwa náà ni?"

Nígbà tiwa, kò sí ọmọ tó lè sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n àfojúdi kọ́ ni, mo mọ ọmọ mi. Ohun tó ń dùn án ló sọ. Ó ti bá orílẹ̀-èdè yìí dé ibi tó lè bá a dé: ó kàwé bí wọ́n ṣe ní kó kà á, ó dúró nígbà tí wọ́n ti ilé ìwé, ó sìnlú níbi tí wọ́n rán an lọ, ó gba owó tí wọ́n fún un. Àwa tí a dàgbà nígbà tí ìlérí ṣì ń ṣẹ, à ń bínú pé ìlérí ti yẹ̀. Òun kò rí ìlérí kankan rí. N kò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì.

Èmi náà ti rò ó. Ní òru tí àwọn ará àdúgbò ń dá owó ìràpadà ẹnì kan tí wọ́n jí gbé, mo jókòó sórí ibùsùn, mo ń wo ìkànnì ìjọba Kánádà lórí fóònù, mo ń wá ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ orí sí. Ọjọ́ orí mi ti kọjá ohun tí wọ́n ń wá. Bí kò bá kọjá ńkọ́? Mo ti bi ara mi, n kò sì lè búra pé n kò ní í lọ. Nítorí náà, n kò ní ẹnu tí mo fi lè dá ọmọ náà dúró, n kò sì fẹ́ dá a dúró. Kó lọ, kó lọ ṣe rere. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń jà fún, ilẹ̀ ẹ̀bá títì yẹn. Lójú tirẹ̀, owó ni. Lójú tèmi, àyè ni: ibi kan ní Ìsánlú tó lè tọ́ka sí fún ọmọ tí yóò bí sí Kánádà, bí kò tilẹ̀ ní í gbé níbẹ̀. Àwọn tó lọ nígbà èwe mi, yàrá wọn wà nínú agboolé, ẹni kankan kì í sùn síbẹ̀. Àwọn tó ń lọ báyìí ń ta yàrá náà kí wọ́n tó rówó ọkọ̀, ìyẹn ni mo kà sí àdánù tó tóbi jù nínú gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí. Mo dá orílẹ̀-èdè lẹ́bi rẹ̀, n kò dá àwọn ọmọ lẹ́bi.

Mo ti bẹ ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ náà pé kó ní sùúrù. Mo ti bá ẹbí sọ̀rọ̀ pé kí a dá iye tí ilẹ̀ náà yóò mú wá, kí a kà á sí gbèsè tí kò lélé lórí ọmọ náà, kí ìwé ilẹ̀ padà sínú àpótí. Ọmọ náà gbà, ṣùgbọ́n ó ní bí owó náà kò bá pé kí oṣù yìí tó parí, òun yóò tà á, nítorí ilé ìwé kò ní í dúró de òun. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà. A ti rí ju ìdajì lọ. Ẹ̀gbọ́n kan tó wà ní Manchester, tí kò tíì wálé láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ̀, ló kọ́kọ́ fi tirẹ̀ ránṣẹ́, ó sì béèrè bóyá ìpìlẹ̀ tí àbúrò mi gbé kalẹ̀ ṣì dúró dáadáa.